Ta Ni Iná Inú Ọkọ̀ Ń Tàn Fún?

Bí ẹ bá dúró sí ìdíkọ̀ Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, ẹ ó rí i pé àwọn takisí Micra tó tò síbẹ̀ kò jọra mọ́ bí wọ́n ṣe jọra lọ́sàn-án. Lọ́sàn-án, ẹni tí kò bá wo nọ́ńbà ọkọ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, inú ọ̀kan á máa tàn búlúù, inú èkejì á máa tàn bí aṣọ àlùkò, ẹ̀kẹta á máa ṣẹ́jú wàìwàì bí ilé àríyá. Iná LED tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bíi téèpù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú wọn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, lílẹ̀ rẹ̀ kò sì gbà ju wákàtí kan lọ.

Ní kíláàsì Yorùbá, a máa ń ṣe lámèyítọ́ ìtàn àròsọ, ewì àti eré onítàn. Olùkọ́ wa máa ń ní kí á bi gbogbo iṣẹ́ ọnà ní ìbéèrè méjì: kí ni oníṣẹ́ fẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣe, ta ló sì ń ṣe é fún? N kò tíì rí ẹni tó bi iná inú ọkọ̀ ní ìbéèrè yìí. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọnà ni òun náà, inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń jókòó sí bí a bá ń darí relé lálẹ́. Mo fẹ́ bi í lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni mò ń dá, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ń fi Micra kó èrò láti Challenge sí Dùgbẹ̀. Ọkọ̀ náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Aṣọ àga rẹ̀ ti ṣá, àjà rẹ̀ ti ń jábọ́ lápá kan, iná kékeré tó yẹ kó máa tàn láàrin àjà náà sì ti kú kí bàbá mi tó rà á. Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, mo mú ₦4,500 nínú owó tí mo rí nídìí irun tí mò ń dì fún àwọn ará àdúgbò, mo fi ra iná LED aláwọ̀ búlúù. Mo lẹ mítà kan mọ́ etí dáṣíbọ́ọ̀dù láti ẹnu ilẹ̀kùn kan dé èkejì, mo sì lẹ mítà kan mọ́ òkè gíláàsì iwájú. Bọ̀dá réwáyà kan ládùúgbò wa bá mi so wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì. Nígbà tí mo tan án, bàbá mi bọ́ sílẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Àṣàkẹ́, o ti sọ arúgbó yìí di ọmọge." Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Lámèyítọ́ tó bá ń wá àbùkù nìkan kì í ṣe lámèyítọ́ òdodo. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára nínú irú iná bẹ́ẹ̀. Ní 2013, ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz gbé S-Class tuntun jáde láìsí gílóòbù kan ṣoṣo lára rẹ̀. LED ni gbogbo iná rẹ̀ lóde àti nínú, iye wọn sì sún mọ́ 500. Ní 2016, E-Class wọn fún onímọ́tò ní àwọ̀ 64 láti yàn fún iná inú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó pe àwọn tó ra ọkọ̀ wọ̀nyẹn ní ọmọ ìta. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé bí awakọ̀ takisí bá fi ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ wá irú ẹwà kan náà, a ó máa yọ ṣùtì sí i? Àwọn baba wa tó wa bọ́lẹ̀kájà náà kò fi pákó ara ọkọ̀ wọn sílẹ̀ lásán. Wọ́n kùn ún, wọ́n ya àwòrán sí i, wọ́n kọ "Sùúrù lérè" sí iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́ nínú ọkọ̀, ilé kejì rẹ̀ ni. Ta ni kì í kun ilé rẹ̀ lọ́dà?

Yàtọ̀ sí ẹwà, iná náà wúlò. Èrò á lè ka ṣéńjì rẹ̀. Ìyá mi pàápàá sọ pé òun kì í wọ takisí tí inú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, nítorí ẹ̀rù "wan ṣáńsì" ń ba òun. Ó fẹ́ rí ojú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kí òun tó gbé ẹsẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí jẹ́ fún obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, àfi ìgbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ọ̀wàrà. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, èrò mẹ́ta wà lẹ́yìn, òjò sì ń rọ̀. Nígbà tí a dé Òkè Àdó, wọ́n ti mú iná lọ, àdúgbò ṣókùnkùn biribiri. Iná iwájú ọkọ̀ wa ń tàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo gíláàsì iwájú, ojú ara mi ni mo rí. Mo rí ọwọ́ bàbá mi lórí sítíárì. Mo rí ìlà búlúù méjì tó na gbọọrọ lójú gíláàsì bí òṣùmàrè. N kò rí ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke lọ níwájú wa. Bàbá mi náà kò tètè rí i. Nígbà tó tẹ búrẹ́kì, gbogbo wa la fò síwájú. Díẹ̀ báyìí ló kù ká kọ lu ọkùnrin náà.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màmá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn sọ pé, "Dírẹ́bà, jọ̀ọ́ ọmọ mi, pa iná yìí. Ojú ọ̀nà ni ká tan iná sí, kì í ṣe ojú wa."

N kò tíì gbọ́ lámèyítọ́ tó ṣe ṣókí tó sì tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ rí. Màmá yẹn dáhùn ìbéèrè olùkọ́ wa. Iná tí mo fi sínú ọkọ̀ kò tàn fún awakọ̀, kò tàn fún èrò. Èmi ni mo fi ń ṣe fọ́ńté, àwọn tó wà lójú pópó ló sì ń tàn fún kí wọ́n lè sọ pé ọkọ̀ náà dùn ún wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gíláàsì wa kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹ dúró sídìí fèrèsé onígíláàsì nílé yín lálẹ́ nígbà tí iná bá wà. Ara yín lẹ ó rí nínú rẹ̀, bíi dígí. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹni tó ń kọjá níta láti inú gíláàsì kan náà. Gíláàsì kò yí padà. Ìhà tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí ló yí padà. Bí a bá tan iná sí etí gíláàsì iwájú ọkọ̀ lóru, a ti fi ọwọ́ ara wa sọ fèrèsé awakọ̀ di dígí.

Àwọ̀ tí mo yàn tún dá kún un. A kọ́ nínú ẹ̀kọ́ Bàọ́lọ́jì pé oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lójú mọmọ, òun ló ń jẹ́ ká mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìkejì ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, ó sì lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó ṣiṣẹ́ dójú àmì. Ìmọ́lẹ̀ búlúù àti ti àwọ̀ ewé ló máa ń dà á láàmú jù, pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo iná pupa lóru nínú ọkọ̀ ojú omi, tí BMW náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún lo iná tó pọ́n bí ọsàn sí dáṣíbọ́ọ̀dù wọn. Yorùbá ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi wá mú àwọ̀ tó ń da ojú láàmú jù lóru, mo gbé e síwájú ẹni tó ń fi ojú rẹ̀ ṣọ́ ẹ̀mí èèyàn mẹ́rin.

Kí ló dé tí búlúù fi wọ̀ wá lójú tó bẹ́ẹ̀? Ní èrò tèmi, ìtàn ló fà á. LED pupa ni Nick Holonyak ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1962. Búlúù kò yá bọ̀rọ̀. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kí ọ̀nà tó là láti ṣe èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ bíbí Jàpáàn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ náà, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ Físíìsì nítorí rẹ̀ ní 2014. Láti ara búlúù yìí ni wọ́n ti rí LED funfun tó wà nínú fóònù àti nínú gílóòbù ilé wa. Lójú wa, búlúù ni àwọ̀ ohun ìgbàlódé. Nítorí pé ó dà bí ọkọ̀ tuntun ni mo ṣe rà á. N kò ronú kan ojú tí yóò máa wò ó.

Bàbá mi kò gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òjò ló fà á, kì í ṣe iná. Ó ní, "Iná yẹn ń pe èrò, Àṣàkẹ́. Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fo ọkọ̀ méjì kí wọ́n tó wọ tèmi. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi lé oníbàárà lọ ni?" Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, torí owó tó ń rí nínú ọkọ̀ yẹn ni yóò fi san owó ìdánwò WAEC mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí á dán an wò. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó gbé ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa, ó kọ iwájú rẹ̀ sí ojú títì, ó sì tan iná kékeré iwájú nìkan. Àbúrò mi wọ súwẹ́tà dúdú, ó lọ dúró lókèèrè, ó wá ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi á fọn fèrè ní kété tó bá rí i, àbúrò mi á dúró, èmi á sì ka ìṣísẹ̀ tó wà láàrin òun àti ọkọ̀. Nígbà tí iná búlúù ń tàn, ìṣísẹ̀ 13 ló kù kí bàbá mi tó fọn fèrè. Nígbà tí a pa á, ìṣísẹ̀ 29 ni. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí: tí iná bá kú, bàbá mi máa ń rí i láti ibi tó jìnnà tó ìlọ́po méjì. Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fọn fèrè náà. Ó jókòó jẹ́ẹ́ nídìí sítíárì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dára. Tú u."

Bí mo ṣe ń tú u ni mo rí àbùkù kejì, èyí tí ojú èrò kò lè tó. Ara wáyà tó gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń bó níbi tó ti ń ha irin, kò sì sí fíùsì kankan láàrin òun àti bátìrì. Ká ní irin yẹn ti kan bàbà inú wáyà náà ni, iná ìbá ti sọ nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ owó fíùsì kan kò tó owó búrẹ́dì.

Àwọn LED kan nínú rẹ̀ náà ti kú, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì kú. Físíìsì ló jẹ́ kí n mọ ìdí rẹ̀. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń so wọ́n pọ̀ nínú téèpù náà, pẹ̀lú rẹ̀sístọ̀ tó ń ká agbára iná kò. LED búlúù kan ń fẹ́ nǹkan bíi fóltì 3, mẹ́ta á jẹ́ 9. Nínú fóltì 12 tí bátìrì ní, 3 ló kù fún rẹ̀sístọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná ọkọ̀ máa ń gòkè tó fóltì 14, 5 á wá kù dípò 3. Bí a bá fi òfin Ohm ṣe ìṣirò rẹ̀, iná tó ń gba ara wọn kọjá á fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ̀ ju èyí tí a ṣe wọ́n fún lọ. Wọ́n á gbóná, wọ́n á sì kú kíákíá. Irú téèpù tí mo rà yìí, LED 60 ló wà lórí mítà kan, mítà méjì rẹ̀ sì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 28. Tí bàbá mi bá gbàgbé láti pa á, tó sì tàn fún wákàtí mẹ́wàá lóru, yóò fa ju ìdajì agbára bátìrì kékeré tó jẹ́ 45 Ah lọ. Ọkọ̀ títì ló máa kàn láàárọ̀. Iṣẹ́ ọnà tó bá ń jẹ olówó rẹ̀ níyà lẹ́yìn, a kò lè pè é ní iṣẹ́ tó dára, bó ti wù kó dán tó.

Láti ọjọ́ yẹn, ojú tí mo fi ń wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ti yí padà. Mo rí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ní Ìwó Road tí iná inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú tẹ̀lé ìlù orin. Pupa wà nínú àwọ̀ tó ń yí, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì lè mọ ìgbà tí awakọ̀ tẹ búrẹ́kì gan-an. Iṣẹ́ yẹn kùnà pátápátá, torí ó ń purọ́ fún ẹni tó ní láti gba ìmọ́lẹ̀ gbọ́. Mo tún rí ọkọ̀ ìyàwó kan tí wọ́n to iná tíntìntín sí àjà rẹ̀ bí ìràwọ̀. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Ìyàwó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, awakọ̀ náà pa á. Mo gbóríyìn fún un ju ẹni tó to ìràwọ̀ náà lọ, nítorí ó mọ̀ pé ẹwà ní àkókò tirẹ̀. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni Micra kan tí wọ́n lẹ iná kúkúrú mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ibi tí ẹ ó gbé ẹsẹ̀ sí nìkan ló ń mọ́lẹ̀. Ẹ kò ní rí iná náà, ilẹ̀ lẹ ó rí.

Láti ara rẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fi tún tiwa ṣe. Mo ra gílóòbù kékeré fún iná àjà tó ti kú tipẹ́, kó lè máa tàn tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí irú ìyá mi lè rí ojú ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Mo ra LED aláwọ̀ oyin tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àga iwájú méjèèjì, mo dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ ẹ̀yìn. Bọ̀dá réwáyà fi fíùsì sí i, ó fi rọ́bà bo wáyà níbi tó ti ń kan irin, ó sì so ó mọ́ ibi tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, iná á kú. Súìṣì rẹ̀ wà lẹ́bàá ọwọ́ bàbá mi. A tún jókòó sídìí sítíárì lálẹ́, a wo gíláàsì iwájú. Ojú títì nìkan la rí.

Iṣẹ́ kejì yìí náà ní àléébù. Ẹ̀gbẹ́ kan kò gún dáadáa, torí mo gé e kù díẹ̀. Láti ìta, ọkọ̀ wa ti padà jọ gbogbo Micra yòókù, àwọn ọmọkùnrin kan ní ìdíkọ̀ sì ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọge rẹ̀ ti padà di arúgbó. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ti kọjá lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá mi kò sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ní aago méje alẹ́, ẹni tó ń wá ọkọ̀ Challenge lójú òjò kì í ráyè yan àwọ̀.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ọmọ yín bá fẹ́ fi iná sínú ọkọ̀, ẹ má kàn pè é ní ìwà ìpátá. Ẹ jókòó sídìí sítíárì lóru, kí ẹ ní kó tan án, kí ẹ sì bi í ní ohun tí olùkọ́ mi máa ń bi wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu ará ìdíkọ̀ dá iṣẹ́ yín lẹ́jọ́. Ẹ bi ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ lé bàbá mi láti Dùgbẹ̀. Ìyá kan wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ti sùn. Nígbà tí a dé Mólété, bàtà ọmọ náà já bọ́. Ìyá náà wo ilẹ̀, ó rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó mú un, ó sì wọ̀ ọ́ padà fún ọmọ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa iná. Bàbá mi náà kò bojú wẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà ló ń wò.